Ìbéèrè Òǹkàwé: Òjò ń rọ̀, àgbàdo ń gbẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko àgbàdo mi wà lẹ́sẹ̀ òkè ní Ṣábẹ. Òjò máa ń dá lásìkò tí àgbàdo bá ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Tó bá sì padà dé, àgbàrá ní ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n gbẹ́ kòtò zaï bíi ti Burkina Faso. Ṣé kí n gbẹ́ ẹ? — *Àgbẹ̀ kan, Ṣábẹ*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbé ọkọ́. Zaï dára gan-an, àmọ́ ilẹ̀ tiyín kọ́ ló wà fún. Ní Yatenga, ní Burkina Faso, níbi tí olóògbé Yacouba Sawadogo, àgbẹ̀ bíi tiyín, ti tún ọ̀nà yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, òjò kéré, ilẹ̀ sì ti gan débi pé omi kì í wọlé. Kòtò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, tó jìn tó 15, tí wọ́n da ẹ̀kún ọwọ́ méjì ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà sí, ló ń kó omi jọ sídìí ọkà bàbà níbẹ̀. Òjò Ṣábẹ ń lọ sí nǹkan bíi mílímítà 1,100 lọ́dún. Bí òjò ńlá méjì bá tẹ̀ léra, omi á dúró sínú kòtò, gbòǹgbò àgbàdo á sì rà. Ibi tí koríko pàápàá kì í hù lóko yín nìkan ni kí ẹ gbẹ́ ẹ sí.

Omi tó ń sá lọ ni ìṣòro yín, nítorí náà ẹ dí poro. Ẹ kọ ebè gígùn sí ìbú òkè, kó má ṣe ti òkè bọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ojú lásán ń tanni jẹ níbí. Láti mọ ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba, ẹ so igi méjì tó gùn ní mítà 2 pọ̀ lórí, kí ẹsẹ̀ wọn yà, ẹ de igi kẹta mọ́ agbede wọn, kí ẹ sì fi okùn so òkúta rọ̀ láti òkè. Ẹ gbé e dúró, ẹ sàmì síbi tí okùn ti kan igi agbede. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì lójú ibi kan náà, ẹ tún sàmì. Ibi tí okùn bá ti bọ́ sáàárín àmì méjèèjì, ilẹ̀ dọ́gba níbẹ̀. Ẹ kan èèkàn síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ máa bá a lọ; ipa èèkàn ni ebè á tọ̀.

Nínú poro, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe ìdínà ní mítà 2 sí 3 síra wọn. Kò gbọdọ̀ ga ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ebè lọ. Bó bá ga tó ebè, orí ebè ni omi á gbà kọjá, á já a, á já èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, oko á sì di ipa àgbàrá. Ẹ má ṣe é ní àkùrọ̀ rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì sun pòròpórò àgbàdo. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Wèrèpè tí wọ́n fi ń pa ẹ̀kan, ṣé kò ní yún wa? — *Kétu*

Ìdáhùn: Èyí tí wọ́n ń gbìn kì í yún ni, ti inú igbó ló ń yún. Ẹ gbìn ín ní nǹkan bí ọjọ́ 40 sí 45 lẹ́yìn àgbàdo, nítorí bí ẹ bá yá jù, á gun àgbàdo, á sì fà á lulẹ̀. Ẹ má ṣe sè é bí ẹ̀wà: oògùn inú èso rẹ̀ máa ń mú èébì àti òòyì wá. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro etí oko yí ká dáadáa, torí ewé gbígbẹ rẹ̀ máa ń tètè gbaná.