Má tíì ra kílìn yẹn: èsì fún àbúrò wa tó fẹ́ máa mọ ìkòkò ní Ontario

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní o kẹ́kọ̀ọ́ amọ̀ ní Yábàá, pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ní Ontario, pé ilé-ìwé kan ń ta kílìn àlòkù (ààrò oníná tí wọ́n fi ń sun ìkòkò) lórí Kijiji, ọjà àlòkù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní owó pọ́ọ́kú, ọkọ rẹ sì ti gbà kẹ́ ẹ gbé e sí béésímẹ́ǹtì. Ìbéèrè rẹ ni pé ṣé kó o rà á, àbí kó o lọ wọ ẹgbẹ́ àwọn amọ̀kòkò kó o máa lo tiwọn. O tún fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta ife kan níbí. Má rà á. Ká kúkú sọ pé má tíì rà á. Ẹni tó dáhùn ṣáájú mi tó ní kó o sáré gbé e kí ẹlòmíì má baà gbé e lọ, ṣé òun ni yóò bá ọ san owó oníná?

"Ilé-ìwé" tó o kọ yẹn ló kọ́kọ́ mú ara fu mí. Iná tó ń wọ ilé ìgbé ní Kánádà, volt 240 ni, fésì ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àti ilé-iṣẹ́ ló jẹ́ pé volt 208 ni wọ́n ń lò, fésì mẹ́ta. Bí wọ́n bá ṣe kílìn fún 208, tó o wá so ó mọ́ 240, agbára tí yóò máa fà á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ju èyí tí wọ́n ṣe é fún lọ. Wáyà inú rẹ̀ á tètè jó, èyí tó wà nínú ògiri rẹ náà kò sì ní gbádùn. Tó bá wá jẹ́ ti 240 lo gbé lọ síbi tí iná ti jẹ́ 208, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ péré lo máa rí. Á máa gbóná títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní dé kóònù 6, ìwọ̀n gbígbóná tí iṣẹ́ rẹ nílò. Ẹni tó ń tà á lè máà mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Olùkọ́ ni, bọ́tìnnì ló ń tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ̀rọ̀ oníná mọ̀nàmọ́ná dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ pa mí.

Tèmi kì í ṣe àlòkù o. Tuntun ni, amp 48. Kílìn tó bá ń fa amp 48, bíréékà 60 ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, torí pé ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi. Èyí wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, mo sì kà á kí n tó pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí oníná dé, mo bi í ní tààrà. Mo ní páànẹ́ẹ̀lì ilé mi, àpótí tí iná ti ń pín wọ inú ilé, amp 100 ni gbogbo rẹ̀. Sítóòfù iná wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù wà lórí rẹ̀, ṣé yóò gba kílìn mọ́ ọn? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe lójoojúmọ́ rèé, kí màmá fọkàn balẹ̀. Mo béèrè ìwé àṣẹ, ó ní irú iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ báyìí kò nílò rẹ̀. Ó gbowó, ó lọ.

Òru ni mo máa ń tan kílìn nítorí pé owó iná máa ń wálẹ̀ láti aago méje alẹ́ títí di méje àárọ̀. Iṣẹ́ tí mo ti fi gléèsì kùn, oje tó ń dán bíi gíláàsì bí iná bá mú un, ni mo kó sínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àwo àti ife tí mo fẹ́ gbé lọ sí ọjà Kérésì. Ó ti kọjá ìwọ̀n 1,100 lórí Celsius, ó ku díẹ̀ kó dé 1,220 tí kóònù 6 ń fẹ́. Ọkọ mi sọ aṣọ sínú ẹ̀rọ agbẹṣọ lókè, ọmọ sì ń yan búrẹ́dì. Pàù! Gbogbo ilé ṣókùnkùn. Kí a tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kílìn ti tutù jìnnà. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, gléèsì tó yẹ kó máa dán ti gan síbi tó dé, ojú rẹ̀ ń ha ọwọ́, ihò wẹ́wẹ́ kún inú àwo. Nǹkan tí èèyàn ò lè fi jẹun. Mo pe oníná, ó ní òun lè wá fi bíréékà tó tóbi ju ìyẹn lọ síbẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o: oníná tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ẹ lé e jáde. Bíréékà ni kò jẹ́ kí wáyà gbiná. Ẹni tó ń fi èyí tó tóbi sórí wáyà kan náà, iná ló ń fi ilé yín ṣọ̀rẹ́.

Oníná kejì tó ní ìwé-àṣẹ dé, ó wo páànẹ́ẹ̀lì, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí ilé bá di amp 200. Kí ilé tó lè di amp 200, ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná gbọ́dọ̀ wá pààrọ̀ wáyà tó ń bọ̀ láti òpó. A forúkọ sílẹ̀, a ń retí wọn. Ẹ pè wọ́n lónìí, wọ́n á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹlòmíì ló máa gbé e, kò sì mọ nǹkan kan nípa yín.

Ìgbà yẹn náà ni ti ìnṣọ́ránsì ṣẹlẹ̀. Mo ti pè wọ́n kí kílìn tó wọlé, obìnrin tó gbé fóònù ní kò séwu, ṣebí ohun tí wọ́n fi ń yan nǹkan ni. Afi bí lẹ́tà ṣe dé lójijì láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn kan tí kò rí kílìn rí láyé rẹ̀, ó kọ ọ́ pé mo gbé "ìléru ilé-iṣẹ́" sínú ilé ìgbé, pé kí n yọ ọ́ tàbí kí wọ́n fagi lé ìnṣọ́ránsì ilé wa. Ẹ sì mọ̀ pé báǹkì tó yá wa lówó ilé kò ní gbà kí ilé wà láìní ìnṣọ́ránsì. Mo pe obìnrin ọjọ́sí, wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n mú ìwé àyẹ̀wò iná wá. Ìwé wo? Èyí tí oníná àkọ́kọ́ ní a kò nílò! Wọ́n ní kí n kó gbogbo ẹrù iṣẹ́ kúrò ní béésímẹ́ǹtì títí wọn á fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Gáréèjì ni mo kó o sí, nínú January.

Àbúrò, o ò tíì lo òtútù January níbí pẹ̀lú amọ̀. Nígbà tí mo ṣí ọ̀rá amọ̀ kan, yìnyín tò sínú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé ìwé. Nígbà tó yọ́, omi ya sọ́tọ̀, amọ̀ ya sọ́tọ̀, ó rọ̀ lápá kan, ó le lápá kejì. Amọ̀ yẹn kò bàjẹ́ o, wọ́n á purọ́ fún ọ pé kó o dà á nù. Jẹ́ kó yọ́ tán pátápátá nínú ọ̀rá rẹ̀, gbé ọ̀rá náà ṣánlẹ̀ dáadáa ní ìhà gbogbo, lẹ́yìn náà kó o pò ó. Apá á ro ọ́. Ìkòkò tútù tí kò tíì gbẹ ni kò ní àtúnṣe bí yìnyín bá mú un, á sán.

Nítorí náà, bó o bá fẹ́ gbé kílìn wọlé lọ́jọ́ iwájú, ìwé ni kó ṣáájú ẹ̀rọ. Ní Ontario, oníná tó ní ìwé-àṣẹ nìkan ni òfin gbà láyè kó gba owó ṣe iṣẹ́ iná. Bi í ní nọ́ńbà ìwé-àṣẹ rẹ̀, ECRA/ESA, kó o tó sọ ohunkóhun míì. Òun ni yóò fi iṣẹ́ náà tó Electrical Safety Authority (ESA), àjọ tó ń bójú tó ààbò iná, létí, ìwọ sì ni kó o gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà kó o tó san owó tó kù. Kí ó ṣe ìṣirò gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé rẹ, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ní àmì tí Kánádà mọ̀, CSA tàbí cUL tàbí cETL. Èyí tí wọ́n gbé wá láti Amẹ́ríkà tí kò ní i, wọ́n á ní kó o sanwó kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò lójúkojú. Ti ìnṣọ́ránsì, lẹ́tà ni kó o gbà. Má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù. Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde pọn dandan, torí nínú iná àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní bisque, afẹ́fẹ́ carbon monoxide máa ń jáde lára amọ̀, ìyẹn kò sì ní òórùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó pé ẹ lè dáná ìkòkò lẹ́yìnkùlé bí àwọn ìyá wa ní Ìpetumodù, ẹ má dán an wò, ọkọ̀ panápaná á dé kí igi tó ràn.

Eruku náà ń kọ́? Ó ń bí mi nínú pé wọn ò kì í sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Eruku amọ̀ gbígbẹ ní silica nínú, ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì ní oògùn tó ń dá a padà. Má fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá amọ̀ láéláé. Aṣọ tútù ni kó o fi nù ún. Béésímẹ́ǹtì tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ káàkiri ilé, eruku rẹ á dé orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ.

Ó yá, ẹgbẹ́. Wọ ẹgbẹ́. Fi orúkọ sílẹ̀, san owó ọdún, wọ́n á fi ibi tí nǹkan wà hàn ọ́. Hamilton ní Potters' Guild tirẹ̀, Toronto ní Toronto Potters, FUSION sì jẹ́ ti gbogbo Ontario, amọ̀ àti dígí. Wá èyí tó ní ibi iṣẹ́ àti kílìn tí ọmọ ẹgbẹ́ lè lò. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ ẹni tó ń ta wíìlì àlòkù tó dára, ẹ̀rọ tó ń yí amọ̀ nígbà tí a bá ń mọ ọ́n, àti ẹni tó ní kílìn onígi lóko tó ń wá èèyàn. Kílìn onígi máa ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á pín ara wọn sí ìṣọ́ òru, ẹni tó bá ti bá wọn ti igi bọ inú iná ní aago mẹ́ta òru ti di ara wọn nìyẹn. Mo jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú arúgbó lálẹ́, mo sì ń mọ ìkòkò lọ́sàn-án. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Instagram tàn ọ́, ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò tí mo mọ̀ níbí ló ń kọ́ni ní kíláàsì tàbí tó ní iṣẹ́ kejì.

Bó o bá ráyè, lọ sí Gardiner Museum, mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ amọ̀ ní Toronto. Àwọn ló gbàlejò Magdalene Odundo láti 2023 wọ 2024, amọ̀kòkò obìnrin tí wọ́n bí ní Kẹ́ńyà, tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Abuja àtijọ́ (Suleja òde òní) ní àárín àwọn ọdún 1970, níbi tí Ladi Kwali ti ń mọ ìkòkò. Mo dúró níwájú ìkòkò rẹ̀ kan, ikùn rẹ̀ yọ gbọ̀ngbọ̀n, kò sí gléèsì kankan lára rẹ̀, ó dúdú ó ń dán, bó ṣe fi ọwọ́ ra ara rẹ̀ léraléra ló jẹ́ kó dán bẹ́ẹ̀. Kò sí wíìlì nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ohun tí àwọn olùkọ́ kan máa ń wò bí iṣẹ́ ará oko ni wọ́n gbé sínú gíláàsì yẹn. Tó bá sì ṣeé ṣe, Medicine Hat ní Alberta náà dára: Medalta, tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìkòkò ńlá tẹ́lẹ̀ nítorí amọ̀ àti gáàsì ilẹ̀ tó pọ̀ níbẹ̀, ti di mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń gba amọ̀kòkò láti ibi gbogbo wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé á ní kó o gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ó rọrùn lẹ́nu wọn. Canada Council, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà lówó, kì í fún ẹni tí kò bá jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tí kò ní ìwé ìgbé pípẹ́, wọ́n sì fẹ́ rí i pé o ti ń pàtẹ iṣẹ́ rẹ fún aráyé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ sì mọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí aṣojú kankan gba owó lọ́wọ́ ìbátan rẹ nílé pé òun á fi iṣẹ́ ọwọ́ gba ìwé ìgbé Kánádà fún un nípasẹ̀ ètò àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ (Self-Employed Persons). Láti 30 April 2024 ni ìjọba ti dá gbígba ìwé ìbéèrè tuntun dúró lórí ètò yẹn.

Ife. Ife ọwọ́ ṣe, 40 dọ́là kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá gbé e sí gálárì, wọ́n lè mú ìdajì rẹ̀, kó o sì ka ìwé àdéhùn wọn dáadáa kí o mọ ẹni tó máa san án bó bá fọ́ lọ́wọ́ wọn. Tí ọjà rẹ bá ti kọjá 30,000 dọ́là láàárín ọdún kan, o ti wọ HST, owó orí ọjà, nìyẹn.

Kó o tó dá ẹni tó ń ta kílìn lóhùn, ní kó ya fọ́tò páálí irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, èyí tí wọ́n kọ volt, amp àti fésì sí, kó o gbé e síbí kí a jọ wò ó. Tó bá ní kò sí páálí lára rẹ̀ mọ́, pé ó ti já bọ́, dákun, fi kílìn náà sílẹ̀ fún un.