Èsì: Pípe àwọn ọmọdé sí ìwádìí lẹ́yìn iná igbó
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá ìyọ̀ǹda òbí nìkan tó kí ẹ tó bá àwọn ọmọ tí iná igbó lé kúrò nílé sọ̀rọ̀ fún ìwádìí yín. Kò tó rárá. Lóòótọ́, òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣàlàyé fún un lọ́nà tó yé e, kí ó sì mọ̀ pé òun lè dákẹ́ tàbí kí òun dìde nígbàkígbà láìsí pé ẹnikẹ́ni yóò bá òun wí. Abala 12 nínú Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ti ọdún 1989, fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀ràn tó bá kàn án.

Nínú ìwé ìpè yín, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ iná bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí a kọ́kọ́ tún ṣe ládùúgbò wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè ya àwòrán. Òórùn èéfín lásán lè dá ẹ̀rù padà sọ́kàn ọmọ, nítorí náà, kí ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọkàn ọmọdé wà nítòsí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sì padà wá sọ àbájáde ìwádìí náà fún wọn.