Ẹ Bi Wá Léèrè: Ráútà Rí Káàdì Tuntun, Àmọ́ Pọ́ọ̀tù Rẹ̀ Ò Gba Àdírẹ́sì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Tíṣà kọ̀ǹpútà ni mí níléèwé girama kan l'Abẹ́òkúta. Ráútà (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì) Cisco 2911 tòkunbọ̀ la ń lò. Pọ́ọ̀tù (ihò tí wáyà ń wọ̀) mẹ́ta tó bá a wá ti kún: íntánẹ́ẹ̀tì wà lójú kan, yàrá kọ̀ǹpútà lójú kejì, ọ́fíìsì lójú kẹta. Látìgbà tí wáyà abẹ́ òkun já ní March 2024 ni ọ̀gá wa ti ní ká gba íntánẹ́ẹ̀tì kejì lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn. Mo ra káàdì HWIC-4ESW, mo tì í bọ àyè rẹ̀, ráútà sì rí i. Àmọ́ bí mo ṣe ní kí n fún pọ́ọ̀tù rẹ̀ ní àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ohun tó kọ síta ni: "% IP addresses may not be configured on L2 links." Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? Ṣé mo sì lè fà á yọ nígbà tí ráútà bá wà nínú iná?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ohun tí ráútà kọ yẹn, pé pọ́ọ̀tù súwíìṣì (L2, èyí tó kàn ń so àwọn ẹ̀rọ inú ilé pọ̀) ò gba àdírẹ́sì IP, ò fi hàn pé ayédèrú ni. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán káàdì náà ni kì í ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, torí owó iléèwé ló ń bá a lọ: oríṣi káàdì méjèèjì jọra, àyè kan náà ni wọ́n ń wọ̀, orí tábìlì kan náà ni wọ́n sì ń kó wọn sí lọ́jà.

Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé pọ́ọ̀tù ráútà gidi ló ní, bíi HWIC-2FE àti EHWIC-1GE-SFP-CU. Ìwọ̀nyí ń gba àdírẹ́sì IP ní tààrà, bí àwọn mẹ́ta tó bá 2911 wá ṣe ń gbà á. HWIC-4ESW tiyín àti EHWIC-4ESG, pọ́ọ̀tù súwíìṣì ni tiwọn. Wọ́n dà bíi yàrá inú àgbàlá kan: wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ jáde sí títì gbọ́dọ̀ gba ẹnu géètì. Ẹ̀yin lẹ máa kọ géètì yẹn (interface vlan lorúkọ rẹ̀ nínú ráútà), ibẹ̀ sì ni àdírẹ́sì ń gbé:

vlan 20
exit
interface FastEthernet0/1/0
switchport access vlan 20
interface vlan 20
ip address (èyí tí iléeṣẹ́ kejì fún yín)
ip nat outside
no shutdown

Ẹ wo 0/1/0 yẹn dáadáa. Òdo àkọ́kọ́ ni àpótí ráútà fúnra rẹ̀, 1 ni àyè tẹ́ ẹ ti káàdì bọ̀, òdo tó kẹ́yìn ni pọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ lára káàdì. Bó bá jẹ́ àyè mìíràn lẹ fi sí, nọ́ńbà àárín ló máa yí padà. Tẹ́ ẹ bá tẹ show ip interface brief, tẹ́ ẹ rí i pé Vlan20 ṣì wà ní down, ẹ má bẹ̀rù: kò ní dìde àfi tí wáyà bá wọ pọ́ọ̀tù rẹ̀. Ti NAT (bí ráútà ṣe ń fi àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì pààrọ̀ ti inú ilé), ẹ fi route-map (òfin tẹ́ ẹ kọ fún ráútà) méjì ya íntánẹ́ẹ̀tì méjèèjì sọ́tọ̀, kí kálukú ní match interface tiẹ̀.

Ti pé kẹ́ ẹ fà á yọ nínú iná, rárá o! 2911 kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi copy running-config startup-config tọ́jú gbogbo ètò yín, kẹ́ ẹ pa ráútà, kẹ́ ẹ yọ wáyà iná. Ẹ so okùn ọwọ́ tí wọ́n fi ń dènà iná ara mọ́ irin ráútà, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí aṣọ ń ta pàrà tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ. Ẹ tú sukúrù méjèèjì, ẹ rọra fà á gbọọrọ, ẹ má gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì. Àyè tó bá ṣófo, irin pẹlẹbẹ tó bò ó tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ dá padà síbẹ̀, torí atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ máa ṣìnà tó bá wà ní ṣíṣí.

Èyí tó ká mi lára jù wá kù. March 14, 2024 tẹ́ ẹ mẹ́nu bà, wáyà mẹ́rin ló já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Equiano àti Glo-1 ò já. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi iléeṣẹ́ kejì léèrè wáyà tó ń gbà lọ sókè òkun. Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, owó yín ti wọlẹ̀. Ìkejì, tí wáyà bá já nínú òkun, èyí tó wà lára ògiri iléèwé yín ò já. Pọ́ọ̀tù yín á ṣì máa tanná, ráútà á sì máa da ẹrù sọ́nà tí ò lọ síbì kankan. Kẹ́ ẹ kàn fi nọ́ńbà 200 (èyí tó ń sọ ọ́ di ọ̀nà ìpamọ́) sẹ́yìn ip route kejì ò tó. Ẹ lo ip sla pẹ̀lú track, kí ráútà máa kan sí àdírẹ́sì kan lókèèrè léraléra. Tí kò bá dáhùn, kó yí sọ́nà kejì fúnra rẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá yín mọ̀ pé káàdì ò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Mbps 35 ni Cisco fúnra wọn dábàá fún 2911 tó bá ń ṣe NAT àti ààbò pọ̀, àtìlẹ́yìn wọn fún un sì ti parí ní December 31, 2022. Ẹ máa fowó èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ pamọ́ láti ìsinsìnyí.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ń kọ́ṣẹ́ l'Óṣogbo. Oníbàárà wa ní ráútà Cisco ISR 4331, ó fẹ́ pọ́ọ̀tù ráútà sí i. HWIC-2FE tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ò wọlé rárá. Ṣé kí n fi agbára tì í?

ÌDÁHÙN: Má dán an wò o, ọmọ mi! NIM, oríṣi káàdì mìíràn, ni 4331 ń gbà, àyè méjì ló sì ní fún un. HWIC ò lè wọ ibẹ̀ láé. NIM-2GE-CU-SFP ló ní pọ́ọ̀tù ráútà. NIM-ES2-4, súwíìṣì ni. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, wo iwájú ráútà náà. Nínú pọ́ọ̀tù mẹ́ta tó bá a wá, ọ̀kan wà tó jẹ́ SFP nìkan (ihò tí wọ́n ń ti ẹ̀rọ kékeré kan bọ̀ kí wáyà tó wọ̀ ọ́), ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í kà á mọ́ ọn torí wáyà lásán ò wọ ibẹ̀. Bó bá ṣófo, SFP kékeré kan tó ń gba RJ45 (ẹnu wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán) lè tó oníbàárà yín, kò sì ní náwó NIM. Sọ fún ọ̀gá rẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dá iye lé e.