C-peptide: báwo la ṣe ń mọ insulin tí ara ṣì ń ṣe fúnra rẹ̀?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti di ọdún 4 tí mo ti ń gún insulin. Wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò C-peptide, ká lè mọ̀ bóyá ara mi ṣì ń ṣe insulin. Kí ló dé tí wọn ò kàn wọn insulin fúnra rẹ̀? Ṣé kí n má jẹun kí n tó lọ ni? Tó bá sì ṣẹ́kù díẹ̀, ṣé mo lè fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Èyí tí ẹ fi kádìí ọ̀rọ̀ ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní bá dá insulin dúró, ásíìdì lè kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó sì lè gbẹ̀mí. Bí C-peptide yín tiẹ̀ dára, dókítà tó ń tọ́jú yín ló máa sọ bóyá ẹ lè dín in kù.

A kì í wọn insulin fún ẹni tó ń gún un, torí èyí tó ti inú síríńjì wá ti pò mọ́ èyí tí ara ṣe, àyẹ̀wò kì í sì í sábà yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ Donald Steiner ní Yunifásítì Chicago ló fi hàn ní 1967 pé pancreas, ẹ̀yà ara inú ikùn tó ń ṣe insulin, kì í dédé pèsè insulin. Ohun kan tó gùn bí okùn ló kọ́kọ́ ń ṣe, á wá gé e. Àárín tó gé kúrò ni C-peptide, iye kan náà sì ni òun àti insulin fi ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Insulin inú ìgò kò ní in. Bí káfíńtà bá kan àga nínú ilé yín, èérún pákó á wà nílẹ̀. Àga tí ẹ rà wá kì í mú èérún wọlé. Èérún yẹn là ń wọ̀n.

Obìnrin kan mú èsì tirẹ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. 150 pmol/L ló wà nínú ìwé, wọn ò sì kọ ṣúgà kankan sí i. Mo bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní òun ò tíì jẹun láti alẹ́, òógùn bo òun, ọwọ́ òun sì ń gbọ̀n. Ó yọ ẹ̀rọ tó fi ń wọn ṣúgà jáde nínú báàgì, a wo ohun tó wọ̀n ní àkókò yẹn: 3.1 mmol/L, ìyẹn nǹkan bíi 56 mg/dL. Bí ṣúgà bá já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pancreas tó ṣì lágbára pàápàá á dákẹ́. A tún un ṣe lẹ́yìn oúnjẹ, ó lé ní 400.

Nítorí náà, ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà kó tó pé wákàtí 5 lẹ́yìn oúnjẹ, àyàfi tí wọ́n bá dìídì ní kí ẹ má jẹ nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n wọn ṣúgà lára ẹ̀jẹ̀ kan náà. Bí èsì bá wà nísàlẹ̀ 200 pmol/L, insulin tí ara ń ṣe ti kéré gan-an. Tó bá lé ní 600, ó ṣì pọ̀ débi pé ó yẹ ká tún bi ara wa bóyá oríṣi kìíní ni lóòótọ́. Ọdún 4 tí ẹ ti lò wúlò níbí, torí ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà, ara ṣì máa ń pèsè díẹ̀ tó lè ṣì wá lọ́nà. Ẹ wo òṣùwọ̀n tí wọ́n lò dáadáa: 200 pmol/L yẹn ni ilé àyẹ̀wò mìíràn ń kọ ní 0.6 ng/mL. Bí kíndìnrín yín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ sọ fún wọn, torí òun ló ń kó C-peptide dànù. Tó bá rẹ̀ ẹ́, èsì á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Bó bá sì jẹ́ díẹ̀ ló kù, díẹ̀ yẹn níye lórí. DCCT, ìwádìí ńlá kan lórí àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn tó ṣì ní 200 sókè kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro ojú, ṣúgà wọn kì í sì í sábà já wálẹ̀ débi ewu. Nílé ìwádìí Joslin ní Boston, wọ́n yẹ àwọn tó ti gún insulin fún ọdún 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wò, wọ́n sì ṣì rí C-peptide nínú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú wọn.