Ẹ wá ohun tó ń kan nínú ilé

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní kantíkantí ti gba ilé ìdáná mọ́ yín lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹ ń fín oògùn tí wọ́n sì tún ń padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé agolo oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Ó ti ṣe èmi náà rí. Ó lé ní oṣù kan tó fi jẹ mí níyà.

Oṣù kẹrin ni, ìgbà tí máńgòrò kún gbogbo ọjà Bódìjà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àbíkẹ́yìn mi lórúkọ ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó tí àwọn èèyàn gbé wá kún ilẹ̀. Nígbà tí mo rí kantíkantí, mo ní èso ló ń fà wọ́n, mo sì kó gbogbo èso tó ti rọ̀ dà nù. Wọ́n dín kù fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fín oògùn láàárọ̀ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ jòjòló wà nínú ilé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà wúkọ́ wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ìyá ọkọ mi gbé e jáde síta, ó gbé e rìn títí ó fi rọlẹ̀. Títí dòní ni ó ń dùn mí. Ẹ má fín oògùn síbi tí oúnjẹ àti ọmọ wà, pàápàá dichlorvos yẹn, oògùn kòkòrò tó wà nínú Sniper. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà mọ́, májèlé ni.

Ìyá ọkọ mi yìí, ọmọ adẹ́mu ni. Ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé, “Ìyàwó mi, kantíkantí kì í wá èso, ohun tó ń kan ló ń wá. Wá ohun tó ń kan nínú ilé yìí.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Nígbà tí èso bá ti gbó jù, ìwúkàrà (yeast) á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ adùn inú rẹ̀ di ọtí. Òórùn yẹn ni kantíkantí ń gbọ́, ìwúkàrà náà sì ni oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ibikíbi tí nǹkan dídùn bá ti ń kan, bí kò tilẹ̀ ju ìkán omi kan lọ, wọ́n lè bímọ síbẹ̀.

Mo wá a láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbóòórùn abẹ́ síǹkì, kànrìnkàn tó ti kan wà níbẹ̀, mo sọ ọ́ nù. Mo ṣí ìkòkò àgbo, ó mọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti wá bá a: kéréètì mìnírà méjì tí a lò níbi ìsọmọlórúkọ, tí a ò tíì kó padà fún ẹni tó ni ín. Èérún mìnírà ṣì kù nídìí àwọn ìgò náà. Mo gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, mo rí ìdin funfun tín-ín-rín tó ń yíra nídìí rẹ̀. Lára ọrùn ìgò, àwọn nǹkan pupa rúsúrúsú bí hóró ìrẹsì kékeré lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdin tó ti fẹ́ di kantíkantí nìwọ̀nyẹn, wọ́n máa ń gun ibi gbígbẹ lọ láti para dà. Ìgò 48 ló wà níbẹ̀!

Òye ohun tí mo ń bá jà wá yé mi. Ní irú ooru tiwa yìí, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10 ni ẹyin ń di kantíkantí tó ń fò. Obìnrin kan nínú wọn lè yé ẹyin bí 400 kó tó kú. Àwọn tó ń fò ni oògùn ń pa, àwọn tó wà nínú ìgò ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń fín nǹkan kan.

Mo kó ìgò náà síta, mo da omi gbígbóná sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ṣàn wọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá dẹ pàkúté fún àwọn tó ṣẹ́ kù. Mo bu omidùn orí ògì sínú ife, mo kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì péré. Láìsí ọṣẹ, kantíkantí á bà lójú omi, á mu, á sì fò lọ. Ọṣẹ ni kì í jẹ́ kí ojú omi gbé wọn dúró, wọ́n á sì rì. Ọtí kíkan àti ìsàlẹ̀ ẹmu náà ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dọ̀ mi. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì méjì, kí pàkúté náà má baà di ilé ọmọ fún wọn.

Ibi tó ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí: ẹ ó ṣì máa rí wọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ohun tó ń kan kúrò, nítorí àwọn tó ti para dà káàkiri ilé ṣì ń jáde. Ẹ má rò pé asán lẹ ṣe. Ẹ máa ka ọjọ́. Lọ́jọ́ kọkànlá, mẹ́ta ni mo bá nínú ife. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, mi ò bá ìkankan. Bí wọ́n bá ṣì pọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ibòmíràn wà tí ẹ ò tíì rí.

Ní báyìí, ìta ni mo ti ń fi omi ṣan ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò kí n tó gbé wọn wọlé, aṣọ asẹ́ ni mo sì fi ń bo ẹnu ike ògì. (Bí èyí tí ẹ ń rí bá níyẹ̀ẹ́ onírun bí labalábá kékeré, tó sì ń bà sára ògiri ilé ìwẹ̀, kì í ṣe kantíkantí; ojú ihò omi ni kí ẹ fọ̀.)

Bí ẹ bá wá gbogbo ilé tí ẹ ò rí nǹkan, ẹ yọ wáyà fíríìjì, ẹ fà á síwájú, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti abọ́ tí omi ń kán sí nísàlẹ̀. Tòmátì kan ṣoṣo tó jábọ́ síbẹ̀ ló fa ti ilé àbúrò mi.