Kí Ló Dé Tí Dwarf Kò Lè Di Oṣó?

Ìwé tí ẹ kọ sí mi lóṣù yìí pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mẹ́ta ni mo mú, nítorí ọ̀rọ̀ D&D ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ti mọ̀ pé tí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ Dungeons & Dragons sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ọbẹ̀ máa ń jóná. Láti 1993 ni mo ti ń ta eré yìí, bí wọ́n ṣe ń ta ayò: ẹnìkọ̀ọ̀kan á jẹ́ akọni kan nínú ìtàn, ọ̀gá eré á máa darí ìtàn náà, dáìsì á sì sọ bóyá ohun tí akọni dáwọ́ lé yọrí. Agolo Mílò ni mo ń kó dáìsì mi sí títí dòní.

Kí n sọ èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí wọ́n ń pè ní kíláàsì, iṣẹ́ ni èmi ń pè é, torí iṣẹ́ náà ni. Jagunjagun, àlùfáà, olè, oṣó. Oṣó inú eré ni o. Ìyàwó ẹnìkan ti lọ pe pásítọ̀ wá bá wa rí nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Elf àti dwarf, ìran méjì tí kì í ṣe ọmọ ènìyàn nínú eré náà, mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe pe dwarf ní aràrá: ènìyàn bíi tiwa ni aràrá, dwarf ìran mìíràn ni.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún là ń ta D&D lálẹ́ Sátidé níbí. Bàbá òyìnbó kan ni ọ̀gá eré wa, ìwé òfin eré náà ti 1989 nìkan ló gbà pé ó jẹ́ ìwé. Mo ní dwarf mi á jẹ́ àlùfáà, á sì tún jẹ́ oṣó. Ó ní èèwọ̀ ni, pé dwarf kì í ṣe oṣó. Mo bi í pé ṣé ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà kọ́ nìyẹn. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds*

Àbúrò, tó bá jẹ́ ti ìwé, òun ló jàre. Nínú ìwé 1989 yẹn, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà fún dwarf: jagunjagun, àlùfáà, olè. Tó bá fẹ́ pa iṣẹ́ méjì pọ̀, a jẹ́ pé jagunjagun òun àlùfáà, tàbí jagunjagun òun olè. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ṣùgbọ́n wọn ò kàn ṣàdédé lé e lẹ́nu ọ̀nà. Idán kì í fẹ́ ràn dwarf. Bí wọ́n bá ju idán lù ú, ara rẹ̀ á máa tì í padà, bí ara bá ṣe le sí ni yóò ṣe máa tì í tó. Ohun tó fún un ní ààbò yìí náà ló ń bá a jà lọ́nà kejì: ọ̀pọ̀ ohun èlò idán tó bá fẹ́ lò, ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà ni yóò kọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Sheffield wọ òrùka àfẹ̀ẹ̀rí kí dwarf rẹ̀ lè yọ́ gba àárín òmìrán mẹ́ta kọjá. A ju dáìsì, ó gbé 17 nínú ọgọ́rùn-ún, inú ogún yẹn ló bọ́ sí. Òrùka kọ̀. Dwarf dúró gbalaja láàárín wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ ṣọ́ọ́ṣọ́ọ́ rìn bí ẹni tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ọdún mélòó rèé, a ṣì ń fi pè é.

Nítorí náà, tí a bá ń sọ̀rọ̀ dwarf, mo gbà pé wọ́n fún un ní nǹkan, wọ́n sì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ọ̀dọ̀ elf.

Láti 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé eré yìí jáde ní Amẹ́ríkà ni elf ti ń jẹ jagunjagun mọ́ oṣó. Dwarf ìgbà náà, jagunjagun nìkan ni, kò sì lè kọjá ìpele 6 (ìpele ni ipò tí akọni ń gòkè sí bí ìrírí rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i). Elf lè dé ìpele 4 nínú ogun àti 8 nínú idán. Ọmọ ènìyàn nìkan ni wọn ò fi òrùlé lé lórí, nítorí Gygax fẹ́ kí ayé inú eré náà jẹ́ ayé ọmọ ènìyàn. Nígbà tó fi máa di 1989, òrùlé elf ti ga sókè: 12 fún jagunjagun, 15 fún oṣó.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ẹ mú bírò.

Ká ní ẹ̀yin mẹ́ta ti kó XP, àmì ìrírí tí a fi ń gòkè ìpele, 40,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ọmọ ènìyàn tó jẹ́ jagunjagun nìkan wà ní ìpele 6. Èyí tó jẹ́ oṣó nìkan, ìpele 6 lòun náà wà. Elf tó ń ṣe méjèèjì á pín tirẹ̀ sí ọgbọọgba, 20,000 síhìn-ín, 20,000 sọ́hùn-ún. Ìpele 5 nínú ogun, ìpele 5 nínú idán! Ìpele kan ṣoṣo ló fi rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ìdí ni pé iye XP tí wọ́n ń béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa di ìlọ́po méjì bí ẹ bá ṣe ń gòkè, ẹni tó bá pín in sí méjì kò ní jìnnà sẹ́yìn.

Wọ́n mọ̀ pé ó ń rẹ́ àwọn yòókù jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ òrùlé sílẹ̀ dè é. Kí elf tó kan òrùlé 12 yẹn nínú ogun, mílíọ̀nù kan XP ni jagunjagun ń béèrè. Òun tó sì ń pín in sí méjì, mílíọ̀nù méjì ni yóò kó. Ta ló fẹ́ ta eré dé ibẹ̀? Elf tèmi dé ìpele 7 nínú méjèèjì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí à ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀gá eré wa bá rí iṣẹ́ sí Bristol, ó kó dáìsì rẹ̀, ó lọ, eré tán. Ọjà àwìn ni elf mi rà, ẹni tó ni gbèsè kó kúrò ládùúgbò. Mi ò san kọ́bọ̀ dòní.

Ẹ wá wo ọmọ ènìyàn nínú ìwé kan náà. Òun kò lè pa iṣẹ́ pọ̀ bíi ti elf. Tó bá fẹ́ ṣe èkejì, àfi kó pa èkíní tì. Ó gbọ́dọ̀ ní 15 nínú ohun tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ń béèrè, bí agbára fún jagunjagun tàbí ìmọ̀ ìwé fún oṣó, kó sì ní 17 nínú ti èkejì, bẹ́ẹ̀ dáìsì mẹ́ta là ń jù, 18 ló ga jù. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 1. Bí ẹni tó ti ṣe fíríídọ̀mù télọ̀, tó ti ní ọmọṣẹ́ mẹ́rin, tó wá lọ wọ aṣọ ọ̀rá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni. Kó tó di pé ìpele tuntun kọjá ti àtijọ́, bó bá fi ọgbọ́n iṣẹ́ àtijọ́ jà, XP ìjà yẹn ti wọgbó, ìdajì ti ìrìn àjò náà á sì bá a lọ. Ẹni bá fẹ́ mọ bó ṣe ń dunni, kó lọ ta Baldur's Gate ti 1998 lórí kọ̀ǹpútà. Inú ìwé 1989 yìí ni wọ́n ti mú òfin rẹ̀.

Èmi kò pe ti dwarf yín ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà, àbúrò. Ohun tí mo máa sọ ni pé wọ́n ta àwìn fún elf, wọ́n gba owó ọwọ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, wọn ò sì ta ọjà rárá fún dwarf. Ní 2000 ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù, ìran yòówù sì lè ṣe iṣẹ́ yòówù. Ṣùgbọ́n ìwé 1989 lẹ wà. Ẹ lọ bá bàbá yẹn, ẹ má dárúkọ ẹlẹ́yàmẹ̀yà mọ́. Ẹ sọ pé: "Ẹ gba ààbò idán tó wà lára dwarf mi, kí ẹ fún mi ní ìwé oṣó." Ọ̀gá eré tó bá gbọ́ pé ènìyàn fẹ́ san nǹkan, ọkàn rẹ̀ máa ń rọ̀. Tó bá ṣì kọ̀, jagunjagun òun àlùfáà dára gan-an. Mo ti rí i tó kó ẹgbẹ́ odindi jáde nínú ihò.

*Bọ̀dá, orí fóònù là ń ta tiwa, ìwé 2014. Ìpele 5 ni gbogbo wa. Èmi jẹ́ jagunjagun 2, oṣó 2, olè 1. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé, àwọn tó kù ni wọ́n ń pa nǹkan, èmi a kàn máa wò. Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mẹ́ta lèmi lé. — Ẹni Ó Rẹ̀, Ìlọrin*

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìpele 5 gan-an ló burú jù láti wà bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni jagunjagun ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé idà lẹ́ẹ̀mejì nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn án. Níbẹ̀ ni oṣó ti ń gba idán bọ́ọ̀lù iná. Àwọn ọ̀rẹ́ yín wọlé síbi ọdún, ẹ̀yin ṣì ń ra aṣọ. Ìwé yẹn kò pín XP bíi ti àtijọ́, ìpele gan-an lẹ ń pín. Ìpele tí ẹ bá fún olè, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ oṣó nìyẹn.

Ohun tí èmi ń sọ fún àwọn tí mo ń bá ta á ni pé kí iṣẹ́ kan kọ́kọ́ dé 5 kí ojú tó yà síbòmíràn. Àyè kan wà tí mo máa ń gbà láàyè: ẹni tó fẹ́ jẹ́ oṣó lè fi jagunjagun 1 ṣe ìpìlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpele àkọ́kọ́ pátápátá, torí ìgbà yẹn nìkan ni jagunjagun máa fún un ní ẹ̀wù irin tó wúwo jù lọ. Tó bá wá wọ ibẹ̀ lẹ́yìn, wọn ò ní fún un. Ó sì lè pe idán nínú ẹ̀wù irin náà níwọ̀n ìgbà tó bá ti mọ̀ ọ́n wọ̀. Ìpele kan péré ni yóò fi pẹ́ kí bọ́ọ̀lù iná tó dé. Iye yẹn tọ́ lójú mi.

Ẹ rántí 13 náà: iṣẹ́ tí ẹ wà nínú rẹ̀ àti èyí tí ẹ ń lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ní 13 nínú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Bóyá ẹ̀yin ti tú agbára yín ká síbí sọ́hùn-ún nítorí ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn paladin (jagunjagun tó jẹ́ ẹ̀jẹ́) pọ̀ mọ́ sorcerer (ẹni tí wọ́n bí idán mọ́), torí ohun kan náà, ẹwà ọ̀rọ̀ àti àṣẹ lójú, ni méjèèjì fi ń pe idán.

Ẹ bẹ ọ̀gá eré yín kó jẹ́ kí ẹ tún un ṣe. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nínú Baldur's Gate 3 ti 2023, góòlù 100 lẹ máa fún òkú ọ̀run kan ní ibùdó, á sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tún un yàn.

*Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ló ń ṣe eré yìí. Nínú ìwé tuntun tó rà, ó ní wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ "race" (ìran) kúrò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wá fún un ní ìwé àtijọ́ kan. Mo ṣí i, mo rí i pé wọ́n ní agbára obìnrin kò gbọdọ̀ dé iye kan. Ṣé ohun tó yẹ kí ọmọ mi máa kà nìyẹn? — Ìyá Ọmọ, Houston*

Ìyá, ojú yín kò tàn yín jẹ. Ìwé 1978 nìyẹn. Wọ́n fi òrùlé lé agbára obìnrin nínú gbogbo ìran, ti ọkùnrin sì ga jù ú lọ. Èmi ò lè gbèjà rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ ní 1989. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á, kí ẹ jókòó tì í.

Òótọ́ ló sọ nípa ìwé tuntun. Ní 2024, "species" ni wọ́n fi rọ́pò "race". Ní 2014, tí ẹ bá yan elf, ìran rẹ̀ ló ń fún un ní +2 nínú ìyára. Nínú ìwé tuntun, ìran kì í fún ẹnikẹ́ni ní irú àfikún bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí ènìyàn ń ṣe kó tó di akọni ló ń fún un: àgbẹ̀, oníṣòwò, akọ̀wé, sójà.

Ẹ wá ní kó ṣí abala àgbẹ̀ fún yín. Agbára, ara líle àti òye ni àgbẹ̀ lè fi kún, ìmọ̀ ìwé kò sí níbẹ̀. Ìmọ̀ ìwé sì ni oṣó ń lò. Wọ́n yọ òfin kúrò lórí ọmọ dwarf, wọ́n gbé e lé orí ọmọ àgbẹ̀. Bàbá mi gbin kòkó ní Ìdànrè, ọmọ mẹ́fà ló fi owó rẹ̀ rán lọ sí yunifásítì. Ní ilé mi, àgbẹ̀ tó bá fẹ́ di oṣó, á mú +2 ìmọ̀ ìwé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì bá mi jiyàn.