Ṣé Ènìyàn Dínkù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó Láàárín Ọdún 1991 sí 2006?

Ìbéèrè: Mò ń ṣètò ìwé ìdàgbàsókè fún ẹgbẹ́ ìlú wa. Ìkànìyàn ọdún 1991 ka ènìyàn 3,785,338 ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ti ọdún 2006 sì ka 3,460,877. Ṣé àwọn ènìyàn ń kó kúrò ni? Ṣé mo sì lè lo iye tí ìjọba fojú bù fún àwọn ọdún ẹnu àìpẹ́ yìí?

Ìdáhùn: Ilẹ̀ tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ló dínkù. Nígbà ìkànìyàn oṣù kọkànlá ọdún 1991, Èkìtì ṣì wà lára Oǹdó. Ọdún 1996 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ìkànìyàn méjì wéra, ó gbọ́dọ̀ rí i pé ààlà méjèèjì bára mu. Ẹ lè da Èkìtì ọdún 2006, tó jẹ́ 2,398,957, pọ̀ mọ́ Oǹdó, kí ó di 5,859,834. Ẹ sì lè yọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì kúrò nínú àkọsílẹ̀ 1991, kí ó ku 2,249,548 fún Oǹdó òde òní. Èyí kejì ni mo fara mọ́, nítorí Oǹdó nìkan ni ìwé yín dá lé. Ohun tí yóò jáde ni pé iye ènìyàn fi bí ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Ẹ má wulẹ̀ pín 54 yẹn sí iye ọdún tó wà láàárín, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún iye náà ń bímọ pẹ̀lú; bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ bí èlé tó ń gorí èlé, láti oṣù kọkànlá 1991 dé oṣù kẹta 2006, ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni. (Àwọn tó máa ń ti Èkó wálé kí wọ́n lè kà wọ́n nílé wà nínú rẹ̀ o.)

Ní ti iye tí wọ́n fojú bù, ìwọ̀n ìbísí 1991 sí 2006 yìí kan náà ni wọ́n fi tẹ̀ síwájú, nítorí náà bí ìdajì abúlé kan bá kó lọ lẹ́yìn ọdún 2006, kò lè hàn níbẹ̀. Wọ́n sì ti sún ìkànìyàn tó yẹ kó wáyé lóṣù karùn-ún 2023 síwájú. Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe nínú ìwọ̀nba agboolé tí wọ́n ṣà jọ lè sọ iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí àti bí ìdílé ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye ènìyàn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Fún ìlú yín, iye ọmọ tó ń wọ kíláàsì kìíní lọ́dọọdún àti àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára yóò wúlò ju ìwé orúkọ olùdìbò lọ, nítorí orúkọ ẹni tó ti kú tàbí tó ti kó lọ kì í tètè kúrò nínú ìyẹn.